Ta Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Wa Jáde?

Omi ni wọ́n fi kí wọn káàárọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ṣíwájú, bó ṣe máa ń ṣíwájú, gèlè rẹ̀ fún mọ́ orí gírígírí bíi ti ẹni tó ń lọ sójú ogun, bẹ́ẹ̀ ìdúró lásán ni wọ́n ń lọ dúró. Ẹgbẹ́ tí kì í ju òkò ni wọ́n. Wọn kì í bú èèyàn, wọn kì í dáná sun nǹkan kan. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú níwájú géètì ilé-iṣẹ́ afọ́kúta, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́, kí ọ̀gá àgbà lè bá wọn níbẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé, kí wọ́n sì rí i bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn aláwàdà àdúgbò ló sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ìdúró Jẹ́ẹ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àwọn fúnra wọn sì gbà á ní orúkọ.

Nígbà tí wọ́n yọ sí géètì, ilẹ̀ ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Àwọn aṣọ́nà ti fi rọ́bà fọ́n omi sí gbogbo iwájú ọgbà. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ì bá tẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ di ẹrẹ̀. Olórí aṣọ́nà, ọkùnrin oníkùn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ǹtì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ṣọ́jà rí, di rọ́bà náà mú bí ẹni tó ń bomi rin òdòdó.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn àlàáfíà! Ẹ mà pẹ́ lónìí. Ọ̀gá ti gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n ti ń mu tíì."

Bíríkìlà já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún un pé à ń bọ̀?"

"Ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ dúró sí ló sọ fún mi," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ojú àwọn tirẹ̀ ni Ìyá ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dúró, òkìtì yanrìn ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i padà sí ọ̀sán, ọ̀gá àgbà ò jáde ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Bẹ́ẹ̀, inú ilé búrẹ́dì rẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò, ilẹ̀kùn á wà ní títì, ọ̀rọ̀ ò sì ní í ju ẹnu àwọn mélòó kan lọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ògiri ò bá lanu, níbo ni aláǹgbá á gbà wọlé?

Wọ́n ń padà lọ, ẹrẹ̀ ń fà wọ́n ní bàtà, Ìyá sì ń yẹ ojú wọn wò bí ẹni tó ń gbé ẹyin sókè síná, kó lè mọ èyí tó ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ àbùjá ló kó wọn jọ. Àbùjá kan wà tí gbogbo àdúgbò ń gbà dé ilé ìwòsàn, ẹni tó bí wọn náà gbà á, ẹni tó bí ẹni tó bí wọn náà gbà á. Ilé-iṣẹ́ afọ́kúta ra ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá rẹ̀, ó bá fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà pa. Ẹni tó bá fẹ́ dé ilé ìwòsàn báyìí, àfi kó yí gbogbo òkè po. Ìyàwó Bíríkìlà ló ń yí òkè náà po nígbà tí ìrọbí mú un. Ẹ̀bá títì ló bí i sí. Ọmọ náà ò ké.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti sọ pé kí wọ́n máa pàdé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ́n omi dè wọ́n yìí, wọ́n jókòó yí tábìlì ìpòyẹ̀fun ká. Ààrò ti ń tutù, agolo búrẹ́dì gorí ara wọn títí kan àjà, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú èékánná Ìyá. Fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ ààrò, èyí tí wọ́n ń gbà ta búrẹ́dì sí ojú títì, wà ní pípadé. Ìyá tún dìde lọ fọwọ́ tì í wò kó tó jókòó.

"Ẹnì kan nínú wa ni," ni Bíríkìlà wí. Òun ò tilẹ̀ jókòó.

"Má tíì pe ẹnikẹ́ni lórúkọ." Tíṣà Àgbà ló fèsì. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ á ṣì lọ sókè bí ìgbà tó mú ṣọ́ọ̀kì dání.

"Tíṣà, ẹ sọ ìka yín kalẹ̀, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín."

"Ká ní o jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ni, o ì bá ti mọ sùúrù."

"Kí n ní sùúrù? Kí àlejò yẹn tó dé, ṣé ẹnikẹ́ni fọ́n omi sílẹ̀ dè wá?"

"Kó tó dé, a ò tíì dúró níbì kankan rí."

"Ẹ ò rí i bí? Bó ṣe dé ló bẹ̀rẹ̀!"

Àlejò tó ń wí yìí ni Aránbàtà. Kò tíì pẹ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn ju okùn bàtà lọ. Àbúrò Ìyá ló mú un wá sínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò pè é sí ìpàdé ti ìrọ̀lẹ́ yìí. Àbúrò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí abẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dàgbà sí, àwọn méjèèjì ló jọ ń po ìyẹ̀fun. Ọkọ àkọ́fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dá sùn, dá jí. Ìgbà tí Aránbàtà dé ni ẹ̀rín tó padà sí ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Ohun kan wà tí n ò fẹ́ràn," ló wí. "Bí a bá ń gbàdúrà, ọmọkùnrin yẹn kì í pajú dé. Ńṣe ló máa ń wò yíká. Kì í sì í ṣe àmín."

Láti ìdí garawa tó ti ń fọ abọ́, Àbúrò sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ ẹ̀yin náà ò bá lajú, báwo lẹ ṣe rí tirẹ̀?"

Tíṣà wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Bíríkìlà pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀.

"Mi ò bá ọ ṣeré," ni Ìyá wí.

"Èmi náà ò ṣeré."

Wọ́n jókòó títí, wọn ò rí ojútùú. Níkẹyìn, Tíṣà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ìyá lọ́wọ́. Kó wádìí rẹ̀. Bó bá ní Aránbàtà ni, wọ́n á lé e, kò sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Bó bá ní kì í ṣe ọmọkùnrin náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ mọ́. Bíríkìlà náà gbà. Ọ̀rọ̀ Ìyá kì í bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá sọ pé òun ni, n ò ní í fẹ́ ẹ. Ẹ ò ní í gbọ́ kí n jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i dájú."

Ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà ò ju kọ̀rọ̀ lọ. Òórùn gúlúù àti awọ ló máa kọ́kọ́ kí èèyàn, kí oníṣọ́ọ̀bù tó kíni. Ó jókòó sórí àpótí, bàtà obìnrin kan wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń fi òòlu lu ihò sí i, ó ń fi okùn tó ti fi ìda pa tọ ihò náà lẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jókòó."

Ìyá ò jókòó, nítorí ojú rẹ̀ ti lọ sí ara ògiri. Bàtà dúdú gìrìwò-gìrìwò tò síbẹ̀, onírin lẹ́nu. Ó mọ̀ wọ́n. Àwọn bàtà náà ló dúró nínú ẹrẹ̀ níwájú géètì lánàá.

"Bàtà àwọn aṣọ́nà nìyí."

"Àwọn ni, Ìyá."

"O ò sọ fún wa pé o mọ̀ wọ́n."

"N ò mọ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ni mo mọ̀." Ó fa okùn jáde. "Búrẹ́dì ta ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àwọn náà?"

Ìbéèrè náà gún Ìyá. Bóo ni yóò ṣe máa fi òun wé ara rẹ̀? Òun tí wọ́n bí sí àdúgbò, òun tó fi búrẹ́dì tọ́ ìdajì wọn dàgbà! Ó wò ó bó ṣe tẹrí ba sórí bàtà, ó ń ronú pé ẹni tó dáké tó báyìí, ohun tó ń dáké lé lórí á tóbi. Ìfura loògùn àgbà. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ òkò rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ohùn kalẹ̀. "Mo wá sọ fún ọ ni. Ọjọ́bọ̀ la tún máa dúró, láàárọ̀. Géètì ẹ̀yìn ni. Mú Àbúrò dání, kẹ́ ẹ ṣíwájú wa débẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Irọ́ ni. Géètì iwájú ló sọ fún Tíṣà àti Bíríkìlà, pé kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ gan-an. Bí àwọn aṣọ́nà bá wà ní ẹ̀yìn, a jẹ́ pé ọwọ́ ti tẹ olófòófó. Olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Kò sọ ìdánwò náà fún Tíṣà, kò sọ ọ́ fún Bíríkìlà, Àbúrò kò sì gbọ́ ọ rárá.

Ọlọ́run nìkan ló sọ ọ́ fún.

Bàbá Ìyá ló kọ́ ọ ní àdúrà, kó tó mọ iná dá. Bàbá náà ní kì í ṣe àdúrà kí èèyàn kàn máa wí pé, "Ọlọ́run, o mọ gbogbo rẹ̀." Ọmọ tó bá fẹ́ kí baba òun gbọ́, á là á yé e: ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó ń lọ, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, ohun tó ń bà á lẹ́rù níbẹ̀. Kó sì fi ẹnu tó dún sọ ọ́, torí ọba kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń kùn sínú. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe ń ṣe é láàárọ̀ kùtùkùtù, bó bá ti ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ lórí àjà. Àwọn tó fẹ́ ra búrẹ́dì gbígbóná á ti tò sí ojú fèrèsé. Kì í ti fèrèsé yẹn láàárọ̀, torí ooru ààrò. Wọn kì í kanlẹ̀kùn títí á fi parí. Wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á sì bá a ṣe àmín. Búrẹ́dì àdúrà ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

"Atẹ́rẹrẹ-káyé," ló bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́rú, lẹ́yìn tó ti rán Àbúrò lọ pọn omi, "Ọba tó tẹ́ sánmà bí ẹní tí kì í gbó, Olówó-gbọgbọrọ tí ń yọ ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀fìn. Ẹni tó fi ìwúkàrà kékeré wú ìyẹ̀fun ńlá, bá mi wú ọ̀rọ̀ yìí sókè kí n rí ìdí rẹ̀. Lọ́la, géètì iwájú la ó dúró sí. Ẹ̀yìn ni mo sọ fún Aránbàtà, mo fi dán an wò ni, ìwọ lo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Bó bá jẹ́ òun ló ń tà wá, tú u fó lójú gbogbo wa. Bí kì í bá ṣe òun, kí àṣírí ẹni náà tú."

"Àmín!" ni àwọn tó wà lójú fèrèsé wí. Ohùn ọkùnrin kan ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, géètì iwájú ni gbogbo aṣọ́nà wà.

Wọ́n to ara wọn bí eyín. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù méjì dí ibi tí èèyàn ì bá dúró, eruku òkúta ń bọ́ lára wọn sórí àwọn èèyàn. Bíríkìlà gbá ọwọ́ pọ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Aránbàtà tún ti ṣe é!"

Ṣùgbọ́n inú Ìyá ti dàrú. Iwájú kẹ̀? Aránbàtà ò gbọ́ iwájú. Tíṣà ló gbọ́ ọ. Bíríkìlà ló gbọ́ ọ. Ó wo Tíṣà: ìka náà ṣì wà lókè. Ṣé ọjọ́ ogbó ló ń bà á lẹ́rù tó fi ń wá ojúure ilé-iṣẹ́? Ó wo Bíríkìlà: ta ló ń kọ́ ilé tuntun fún ọ̀gá àgbà? Kì í kúkú ṣe òun. Àbí òun ni? Ojú Ìyá ń yí láti ara ẹnì kan sí èkejì, kò rí ibi kankan tó lè gbé e lé.

Sájẹ́ǹtì tọ̀ ọ́ wá, ó ń nu eruku lójú.

"Ìyá wa," ló wí, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, "ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yín ti yege. Kò sọ nǹkan kan fún wa o. Ìdánwò yẹn le, ṣùgbọ́n ó yege."

Ó yí padà, ó ń mi fìlà rẹ̀.

Ìyá dúró gbagidi. Ìdánwò. Ta ló sọ ìdánwò fún? Kò sọ ọ́ fún igi, kò sọ ọ́ fún ọ̀pẹ. Ọlọ́run nìkan. Ẹ̀rù tó bà á ní ìṣẹ́jú yẹn kì í ṣe kékeré, torí fún bí ẹni mí lẹ́ẹ̀kan, ó fura sí Ọlọ́run. Ó tọrọ àforíjì kíá. Lẹ́yìn náà ló tún gbọ́ ohùn Sájẹ́ǹtì nínú etí rẹ̀, ohùn tó nípọn yẹn, ó sì mọ ibi tó ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Ohùn tó máa ń ròkè jù lójú fèrèsé ni. Àmín rẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ ọn jù lọ.

Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sáré lọ sí géètì ẹ̀yìn.

Àbúrò àti Aránbàtà nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí àwọn tó sọnù sọ́jà. Ẹrẹ̀ ti ta sí Àbúrò láṣọ.

"Ibo lẹ wà?" ni Àbúrò kígbe. "Ọ̀gá àgbà kọjá níwájú wa báyìí! Kò sí aṣọ́nà kan ṣoṣo. Ká ní gbogbo wa la wà níbí ni, ì bá dúró! Èmi àti òun nìkan, ó rò pé a ṣìnà ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ̀yìn ni!"

Bíríkìlà ti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé, ó ń pariwo. "Òun ló tà wá! Ìyá ti dán an wò, Sájẹ́ǹtì ní ó yege, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ ni!"

Aránbàtà wo Ìyá. "Ẹ dán mi wò?"

"Mo dán ọ wò."

Ó fi ọwọ́ Àbúrò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná nílé ẹnikẹ́ni, Ìyá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bò ọ́ níbì kankan. Aránbàtà ń tẹ́tí, gúlúù ń gbẹ lórí ìka rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí nígbà tó parí.

"O mọ kí ni?"

"Láàárọ̀ kan tí mo wá ra búrẹ́dì, mo bá Sájẹ́ǹtì lójú fèrèsé yín. Ẹ ń gbàdúrà. Ó ń fi ìka rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yín bí ẹni tó ń kọ́ orin sórí. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í pajú dé mọ́. Bá a bá ti ń gbàdúrà nípàdé, fèrèsé ni mò ń wò, bóyá ó wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi!"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Kí èmi àlejò wá sọ fún ìyá gbogbo àdúgbò pé àdúrà wọn ló ń ṣe wá? Ìyá, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ò ní í lé mi ni?"

Ìyá mọ̀ pé òun ì bá lé e. Ó kúnlẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ọmọkùnrin náà ti fò dìde, ó ti mú un lápá. "Háà, Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?"

"Ṣó o ti dárí jì mí?"

"Inú ń bí mi." Ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí. "Ṣùgbọ́n Àbúrò ni mo fẹ́ fẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́. Ẹ lọ sọ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi. Kí n tó tún bá wọn jókòó, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Ó sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tó já iṣẹ́.

"Wọ́n ní kí n wádìí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa jáde. Mo ti wádìí. Èmi ni."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, Tíṣà Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bíríkìlà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ìyá láti òkè délẹ̀. "Ṣé àdúrà náà nìkan ni?" ló béèrè. "Àwọn aṣọ́nà yẹn ń ra búrẹ́dì púpọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá bí èyí tó sọ nípa bàtà ṣe gún Aránbàtà. Ó gbé e mì. "Àdúrà náà nìkan ni," ló dáhùn, ó sì rí i pé kò tíì dá Bíríkìlà lójú.

Tíṣà nu ojú rẹ̀. "Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀! A ti rí nǹkan tá a máa fi mú wọn. Lọ́la, kí Ìyá gbàdúrà pé iwájú la ó wà. Kí gbogbo wa wá lọ sí ẹ̀yìn."

"Ẹ fẹ́ kí n parọ́ fún Ọlọ́run, kí Sájẹ́ǹtì lè gbọ́?"

"Ọlọ́run á mọ̀ pé òun kọ́ lẹ̀ ń bá wí."

"Ta wá ni mò ń bá wí nígbà náà, Tíṣà?"

Ìka Tíṣà lọ sókè, ó tún sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ máa gbà á sínú," ni Àbúrò wí.

Ìyá mi orí. "Mo ti gbìyànjú lónìí. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ń dún. Ohun tí mo bá mọ̀, á jáde. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ẹ máa lọ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, kẹ́ ẹ wá pè mí. Ẹ má sọ ibi tá à ń lọ."

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Èyí dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìjókòó padà sí ìdí ògiri, wọ́n ń lọ ní méjì-méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́, ohùn wọn sì túbọ̀ rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó di ẹni tí wọ́n ń dáké fún. Bó bá yọ sí ẹnu ọ̀nà Aránbàtà, ọ̀rọ̀ á ti di ti òjò àti ti oòrùn. Àbúrò á po ìyẹ̀fun pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, á sì pa ẹnu mọ́ bí agolo. Ìyá ń gbàdúrà lọ ní tirẹ̀. Lójú fèrèsé, Sájẹ́ǹtì ń na ọrùn.

"Ìyá, àdúrà yín ò gùn mọ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ohun tí mo bá mọ̀ ni mò ń sọ fún Ọlọ́run," ni Ìyá dáhùn, ó na búrẹ́dì sí i. "Ìwọ ńkọ́, o ò ní nǹkan tó o fẹ́ bá a sọ fúnra rẹ?"

Ó gba búrẹ́dì, kò ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àbúrò wọlé lójijì, ó tú okùn épírọ́ọ̀nù lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ká lọ."

"Síbo?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn ò lọ sí géètì iwájú, wọn ò lọ sí ti ẹ̀yìn. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìwé, wọ́n gba àárín àwọn ilé tí wọ́n sá aṣọ sí, Ìyá ń tọ Àbúrò lẹ́yìn, ó ń ronú ohun burúkú ní gbogbo kọ́nà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi í sílẹ̀ síbì kan ńkọ́? Bí Bíríkìlà bá fẹ́ dán òun náà wò ńkọ́? Wọ́n bọ́ sí ibi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́bàá afárá kékeré kan, níbi tí ọkọ̀ ò ti lè sáré. Gbogbo ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ ju bó ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Àwọn obìnrin pọn ọmọ. Tíṣà gbé agboòrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíríkìlà, ìyàwó rẹ̀ dúró, obìnrin tí kò tíì jáde síta láti ọjọ́ tí ọmọ náà ò ké. Kò sí aṣọ́nà kankan.

Ọkọ̀ dúdú kan yọ ní kọ́nà, ó fà sẹ́yìn, ó dúró. Kò ní ibi tó máa gbà.

"Ìyá," ni Aránbàtà wí, "ẹ bọ́ síwájú."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá wo Aránbàtà. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ibí ni ọkọ̀ máa gbà? Ta ló sọ fún un, àbí ọ̀kan nínú àwọn tó ń rán bàtà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni? Ìbéèrè náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì pa á mọ́ra síbẹ̀. Bóyá yóò bi í lọ́jọ́ kan. Bóyá kò ní í fẹ́ mọ̀.

Gíláàsì ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá àgbà yọjú, ọkùnrin kúkúrú tí àárẹ̀ mú, tí kò jọ ẹni tó ń mu tíì ní ìrọ̀rùn rárá. Kò kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn. Ó yíjú sí awakọ̀ rẹ̀, ó wò ó títí, awakọ̀ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ta ló sọ fún yín pé ibí ni mò ń gbà lónìí?" ló béèrè.

"Ọ̀gá, wọn ò sọ fún èmi náà," ni Ìyá wí. Ó fa ìyàwó Bíríkìlà mọ́ra, ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ obìnrin náà láṣọ. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀kalẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ sọ ibi tó bímọ sí fún yín."

Awakọ̀ pa ọkọ̀.